Iṣẹ́ Ọwọ́ Wa: Kí Bẹ́árìn Tuntun Má Bàa Jó Bí Ti Àná

   Ní ojú ìwé tiwa yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni a máa ń sọ, nítorí pé iṣẹ́ ni ó gbé wa kúrò nílé, iṣẹ́ náà ni yóò sì dá wa padà pẹ̀lú ọlá.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kan àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ìlọta, àwọn tí ó ní ẹ̀rọ tí ń bó ìrẹsì tàbí tí ń fọ́ ẹ̀pà, àwọn tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ń fa omi fún, àti àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Láti Minna dé Kano, láti Kaduna dé Jos, ẹ mọ̀ bí àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ti wúlò tó fún àwọn ilé wa. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo lè máa san owó ilé, kí ó máa san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin, kí ó sì tún máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí nílé. Ọjọ́ tí ó bá dúró, gbogbo ilé ni ó dúró.

Lára ohun tí ń dá a dúró jù ni bẹ́árìn. Kì í ṣe bẹ́árìn oníbọ́ọ̀lù ni a ń wí o. Èyí tí kò ní bọ́ọ̀lù ni a ń wí, tí ṣáàfù kàn ń yí nínú rẹ̀ bí ọwọ́ ọlọ́rùn-ọwọ́ ti ń yí nínú ẹ̀gbà: àwọn ìdajì méjì tí ó gbá kráńkì mú ní ẹnu kọnrọ́ọ̀dù, àwọn tí ó gbé kráńkì dúró nínú ẹ́ńjìnnì púpọ̀, àti búùṣì onídẹ tí ó wà ní òkè kọnrọ́ọ̀dù lábẹ́ písítìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jó, kì í jó nìkan. A máa ha ọrùn kráńkì, a máa lu kọnrọ́ọ̀dù títí bóòtù rẹ̀ yóò fi já, bí ó bá sì já, kọnrọ́ọ̀dù lè fọ́ ara ẹ́ńjìnnì jáde. Ohun tí ìbá gba owó kékeré a wá di ọ̀ràn ríra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Èyí tí ó tún burú jù ni kí a pààrọ̀ bẹ́árìn lónìí, kí ó tún jó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ máa ń kúrò lórí irin, tí yóò di ìjà láàárín ará.

Kò tíì pẹ́ tí irú ìjà bẹ́ẹ̀ dé iwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ìyá kan, tí ó jẹ́ opó, ni ó ni ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ilé wa kan náà ni mẹkáníìkì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti pààrọ̀ bẹ́árìn kọnrọ́ọ̀dù ẹ́ńjìnnì yìí láàárín ìkórè kan. Ìyá ní mẹkáníìkì ń ra ayédèrú ọjà, ó sì ń fi owó tí ó kù jẹun. Mẹkáníìkì ní ìyá kì í bu ọ́ìlì sí ẹ́ńjìnnì, àti pé ọmọ tí ó fi sídìí ẹ̀rọ ń sùn. Àwọn tí ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé kì í ṣe ojú lásán, pé ẹnì kan ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àwa ni a ń kọ ìwé ìpàdé lọ́jọ́ náà, a sì rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá lọ báyìí, ilé méjì ni yóò tú.

Bàbá àgbà kan, tí ó ṣe iṣẹ́ fítà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ó ní, "Ẹ gbé òkú wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò." Mẹkáníìkì bá lọ mú àwọn bẹ́árìn tí ó ti jó wá láti inú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa ń wo inú wọn níbi tí irin ti yọ́. Bàbá yí wọn padà, ó ń wo ẹ̀yìn wọn. Ní ẹ̀yìn ọ̀kan, àpá dúdú kan wà tí ó tó èékánná, níbi tí ìdọ̀tí ti há sáàárín bẹ́árìn àti ilé rẹ̀. Ní ẹ̀yìn èkejì, páálí sìgá tí ó ti gbẹ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá bi mẹkáníìkì léèrè bóyá ó wọn ọrùn kráńkì kí ó tó fi bẹ́árìn sí i. Ó ní rárá, ojú ni òun fi wò ó.

Kò sí ayé, kò sì sí ayédèrú nínú ọ̀rọ̀ náà. Kráńkì ti jẹ, bẹ́árìn ń gbọ̀n nínú rẹ̀, mẹkáníìkì fi páálí dí i kí ó lè fún, páálí ni kò jẹ́ kí bẹ́árìn jókòó. Wọ́n parí ẹjọ́ níbẹ̀: ìyá yóò ra bẹ́árìn, mẹkáníìkì kò ní gba owó iṣẹ́, a ó sì kọ́kọ́ gbé kráńkì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì náà sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Àwọn àgbà ní kí a kọ ohun tí bàbá sọ fún gbogbo ará. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi gbé e sí ojú ìwé yìí.

Kí a tó ka àwọn àṣìṣe náà, ẹ jẹ́ kí a mọ bí bẹ́árìn yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé irin ni ó ń yí lórí irin, tí ọ́ìlì kàn ń mú un tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń sáré, ọrùn ṣáàfù kì í kan bẹ́árìn rárá; orí ọ́ìlì ni ó wà. Bí ṣáàfù ti ń yí, ó ń wọ́ ọ́ìlì lọ sí ibi tí àyè ti fún, ọ́ìlì náà á sì máa ti ara rẹ̀ bí èrò tí ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kékeré kan wọlé, títí agbára rẹ̀ yóò fi gbé ṣáàfù sókè.

Iṣẹ́ reluwé ni a ti kọ́kọ́ rí èyí gbangba. Ní ọdún 1883, Beauchamp Tower, ọ̀gá ẹnjiníà kan ní Ìlú Ọba, ń dán irú bẹ́árìn tí ó wà lórí ọrùn ṣáàfù kẹ̀kẹ́ reluwé wò. Ó lu ihò sí orí bẹ́árìn náà kí òun lè máa gba ibẹ̀ bu ọ́ìlì sí i. Dípò kí ọ́ìlì wọlé, ńṣe ni ó ń tú jáde. Ó fi ìdérí dí ihò náà. Ọ́ìlì tì í jáde. Ó kan igi mọ́ ọn. Igi náà yọ́ jáde. Nígbà tí ó fi ohun èlò tí ń wọn agbára síbẹ̀, ó kọjá 200 pọ́ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan, ìyẹn ìlọ́po méjì ohun tí ẹrù tí ó wà lórí bẹ́árìn náà ń tẹ̀ ọ́ bí a bá pín in kárí. Ní ọdún 1886, Osborne Reynolds fi ìṣirò ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ọ́ìlì ni ó ń gbé ẹrù, tí irin sì jẹ́ ilé fún ọ́ìlì.

Irin tí ó wà nínú bẹ́árìn náà rọ̀, a sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Isaac Babbitt ará Amẹ́ríkà ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú bẹ́árìn onírin funfun bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1839. Tánńganran ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú antimony àti bàbà díẹ̀. Ó rọ̀ kí ẹ̀rúnrún ìdọ̀tí kékeré lè rì sínú rẹ̀ dípò kí ó máa ha ṣáàfù, bí ọ́ìlì bá sì tán lójijì, òun ni yóò kọ́kọ́ yọ́ kí ṣáàfù má bàa bàjẹ́ pátápátá. Irú èyí tí tánńganran pọ̀ nínú rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ní nǹkan bí 240 lórí ìwọ̀n Celsius. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bẹ́árìn tí ó yọ́, ẹ má kàn bú u. Ó ti kú kí ohun tí ó wọ́n jù ú lọ má bàa kú.

Àyè tí ó yẹ kí ó wà láàárín ṣáàfù àti bẹ́árìn kéré gan-an. Òfin àwọn àgbà iṣẹ́ ni pé kí ó tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n ìnípọn ṣáàfù. Bí ọrùn ṣáàfù bá jẹ́ 50 mílímítà, àyè náà yóò jẹ́ nǹkan bí 0.05 mílímítà. Ewé ìwé lásán nípọn tó nǹkan bí 0.1 mílímítà, nítorí náà, ìdajì ìnípọn ewé ìwé ni gbogbo àyè tí a ní. Ṣùgbọ́n bí ìwé tí ó bá ẹ́ńjìnnì wá bá sọ òmíràn, ti ìwé ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí àyè bá fún jù, ọ́ìlì kò ní rí ọ̀nà wọlé. Bí ó bá fẹ̀ jù, ọ́ìlì yóò sá jáde kí ó tó gbé ẹrù. Ẹni tí ó bá ní òun ń fi ojú wọn ìdajì ìnípọn ìwé, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Wàyí o, àwọn àṣìṣe náà nìyí.

Èkínní ni fífi tuntun sí i láì béèrè ohun tí ó pa ti àtijọ́. Àwa akọ̀wé kì í di sípánà mú, ṣùgbọ́n ìwé ọjà tí a ń kọ a máa sọ̀rọ̀. Bí nọ́ńbà ẹ̀rọ kan bá béèrè irú bẹ́árìn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, kì í ṣe bẹ́árìn ni ó ń ṣàìsàn. Ohun mìíràn ni. Ẹ ka òkú bẹ́árìn bí ẹ ti ń ka ìwé. Bí ìlà gígùn gígùn bá wà nínú rẹ̀, ìdọ̀tí ni ó wọ ọ́ìlì. Bí irin rẹ̀ bá yọ́ tí ó sì ti fà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ́ìlì ni kò dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ ní etí kan nìkan, ṣáàfù tàbí kọnrọ́ọ̀dù ti wọ́. Bí àpá bá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tí ó fi í sí i ni kò nu ilé rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe jù ú nù títí ẹ óò fi mọ ìdí. Ẹ sì kọ́kọ́ tún ìdí náà ṣe.

Èkejì ni fífi bẹ́árìn tuntun sí ọrùn ṣáàfù tí ó ti jẹ. Ọrùn kráńkì kì í jẹ yíká dọ́gba; ẹ̀gbẹ́ tí iná ẹ́ńjìnnì ti ń tì í ni ó máa ń jẹ jù, yóò sì wá rí gbọọrọ bí ẹyin. Micrometer ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ní òró àti ní ìbú, ní etí méjèèjì. Bí ó bá ti jẹ kọjá ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì gbà, ẹ gbé e lọ kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí ẹ sì ra bẹ́árìn tí ó nípọn jù dé ìwọ̀n tí wọ́n lọ̀ kúrò. A máa kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bíi 0.25 tàbí 0.50. Ẹ rí i pé ohun tí a kọ sí bẹ́árìn àti ohun tí ẹni tí ó lọ kráńkì kọ fún yín bára mu kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹta ni ìdọ̀tí, òun ni ó sì ń pa jù. Ní ìhà Àríwá níbí, pàápàá nígbà ọyẹ́, eruku ń fò nínú afẹ́fẹ́, a sì ń tú ẹ́ńjìnnì lábẹ́ igi tí ìyàngbò àgbàdo ń fẹ́ lù. Ẹ gbá ibẹ̀, ẹ wọ́n omi sí ilẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ohun tí ẹ bá tú. Ẹ fi kẹrosín mímọ́ fọ ihò ọ́ìlì inú kráńkì àti ti ara ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ wọn jáde. Aṣọ tí kì í tú òwú ni kí ẹ fi nù ún. Ẹ̀yìn bẹ́árìn àti inú ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ó sì mọ́, láì sí ọ́ìlì tàbí gíríìsì níbẹ̀. Ojú tí ó kọ sí ṣáàfù nìkan ni kí ẹ fi ọ́ìlì pa. Ẹ má sì ṣe fi bébà yanrìn ra ojú bẹ́árìn. Yanrìn náà yóò rì sínú irin rírọ̀, yóò sì máa ha ṣáàfù lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹrin ni fífi ìwé, páálí tàbí pẹlẹbẹ agolo há ẹ̀yìn bẹ́árìn, tàbí fífi fáìlì rẹ́ etí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ìdajì bẹ́árìn sí ilé rẹ̀, ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ yọ sókè díẹ̀ kíún. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ rò pé àṣìṣe àwọn tí ó ṣe é ni, wọn a sì rẹ́ ẹ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ìdajì méjèèjì lè ti ara wọn nígbà tí a bá fún bóòtù, kí ẹ̀yìn wọn lè lẹ̀ mọ́ ilé dáadáa, kí wọ́n má bàa yí, kí ooru sì lè gba ibẹ̀ jáde. Ẹni tí ó bá rẹ́ ẹ ti gba ìjókòó rẹ̀. Páálí burú ju èyí lọ, nítorí pé kì í jẹ́ kí ooru jáde, a sì máa ti bẹ́árìn wú sí ṣáàfù lójú kan. Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan wà tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe wọ́n fi pẹlẹbẹ irin tín-ín-rín sáàárín kọnrọ́ọ̀dù àti ìdérí rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀, ojú ibi tí a ti là á ni ó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn bẹ́árìn.

Ẹ̀karùn-ún ni pípa ìdajì pọ̀ mọ́ ara wọn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni òkè àti ìsàlẹ̀ máa ń rí bákan náà. Ọ̀kan lè ní ihò ọ́ìlì tí èkejì kò ní. Bí ẹ bá gbé èyí tí kò ní ihò sí orí ọ̀nà ọ́ìlì, ẹ ti dí ọ̀fun ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọjú wo ihò náà pẹ̀lú iná kí ẹ tó dé e. Bákan náà ni ìdérí kọnrọ́ọ̀dù: òun àti kọnrọ́ọ̀dù tirẹ̀ ni a jọ gbẹ́ ihò wọn, kò ṣeé fi pààrọ̀, kò sì ṣeé yí padà. Ẹ wo nọ́ńbà tàbí àmì ara wọn kí ẹ tó tú wọn. Bí kò bá sí, ẹ ṣe àmì tiyín sí ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Ẹ̀kẹfà ni fífi òòlù lu búùṣì wọlé. Búùṣì tóbi díẹ̀ ju ihò rẹ̀ lọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú agbára, ṣùgbọ́n agbára tí ó tọ́ ni. Bóòtù gígùn kan àti wáṣà nípọn méjì tó láti fà á wọlé gbọọrọ. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fi búùṣì sínú yìnyín, yóò sún kì díẹ̀, yóò sì rọrùn. Òòlù a máa fọ́ etí rẹ̀, a sì máa mú un wọ́. Kí ẹ sì rántí pé bí búùṣì bá ti wọlé, inú rẹ̀ yóò fún ju bí ó ti rí lọ́wọ́ yín. Ẹ gbọ́dọ̀ tún un wọ̀n, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n. Ẹ rí i pé ihò ọ́ìlì rẹ̀ kọjú sí ihò ọ́ìlì ilé rẹ̀ kí ẹ tó fà á, nítorí pé kò sí yíyí mọ́ lẹ́yìn náà.

Èkeje ni fífún bóòtù bí ọwọ́ bá ti rí i. Ìwé ẹ́ńjìnnì a máa sọ ìwọ̀n agbára tí bóòtù fẹ́, torque wrench sì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá ní i, ẹ yá a. Owó yíyá rẹ̀ kò tó owó kráńkì. Ẹ má ṣe fún ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó lọ sí èkejì; ẹ fún wọn díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí kráńkì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá le lójijì, ẹ dúró kí ẹ tú u wò. Láti mọ àyè tí ó kù, okùn ike kékeré kan wà tí a ń pè ní Plastigauge: a ó gé e lé orí ọrùn ṣáàfù, a ó dé bẹ́árìn, a ó fún bóòtù dé ìwọ̀n láì yí ṣáàfù, a ó sì tún tú u. Bí okùn náà bá ti fẹ̀ tó ni a ó fi wé ìwọ̀n tí a tẹ̀ sára páálí rẹ̀. Ẹ má sì ṣe tún lo píìnì àti wáṣà ìdábùú tí a ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Owó tuntun kò pọ̀.

Ẹ̀kẹjọ ni títan ẹ́ńjìnnì ní gbígbẹ, kí a sì gbé ẹrù lé e lójú ẹsẹ̀. Ẹ bu ọ́ìlì tuntun sí i dé àmì, irú èyí tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i lọ́pọ̀ ìgbà kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ibi. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ohun kékeré bíi ṣíbí wà lábẹ́ kọnrọ́ọ̀dù tí ó ń bu ọ́ìlì. Ẹ rí i pé kò wọ́, kò sì gbàgbé sórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí ó sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì so bẹ́líìtì, kí ẹ pa á, kí ẹ fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ níta. Bí ibì kan bá gbóná ju ìyókù lọ, ẹ wá ìdí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ so bẹ́líìtì, kí ẹ sì máa lọ ohun fúyẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó da àpò àgbàdo lé e.

Ẹ̀kẹsàn-án ni bẹ́líìtì tí ó wọ́ àti ìpìlẹ̀ tí ń mì. Bẹ́líìtì tí a fún jù a máa fa kráńkì sí ẹ̀gbẹ́ kan láti àárọ̀ di alẹ́, bẹ́árìn ẹ̀gbẹ́ náà ni yóò sì jẹ̀yà. Ẹ na okùn kọjá ojú púlì méjèèjì; bí púlì méjèèjì bá nípọn bákan náà, okùn yẹ kí ó kan etí wọn ní ibi mẹ́rin. Bí ó bá kan mẹ́ta, ẹ̀rọ ti wọ́. Ẹ sì fún bóòtù tí ó so ẹ́ńjìnnì mọ́ kọnkéré.

A ní láti fi ìkìlọ̀ kan kún un. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan nǹkan nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ ti epo rẹ̀ pa, ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ fi igi há kẹ̀kẹ́ wúwo rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí ó tutù. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ká ìborùn àti ìró yín mọ́ra nídìí ẹ̀rọ. Kẹ̀kẹ́ tí ń yí kò mọ ẹni tí ó ni ín.

Láyé àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ wágọ́nù reluwé ṣì ń lo irú bẹ́árìn yìí, kí roller bearing tó gba ipò rẹ̀, ẹ̀kọ́ kan náà ni a ń kọ́. Òwú tí a rẹ sínú ọ́ìlì ni ó wà nínú àpótí tí ó gbé ọrùn ṣáàfù kẹ̀kẹ́. Bí ọ́ìlì bá gbẹ, àpótí yóò gbóná, èéfín yóò yọ, bí a kò bá sì rí i, ọrùn ṣáàfù lè gé, kí ọkọ̀ sì fò kúrò lójú irin. Nítorí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ fi máa ń dúró wo ọkọ̀ tí ń kọjá, kì í ṣe láti juwọ́ sí èrò nìkan, bí kò ṣe láti wo èéfín. Ẹ̀mí ènìyàn wà lórí ọ́ìlì díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa kù sí ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ. Kì í ṣe mẹkáníìkì nìkan ni ó ń ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó dúró lé mẹkáníìkì lórí pé kí ó parí rẹ̀ kí ọjà alẹ́ tó kún, ẹni tí ó kọ̀ láti sanwó kí a lọ kráńkì, ẹni tí ó ra ọ́ìlì tí a ti lò nítorí pé ó pọ́ọ́kú, òun náà ní ìpín nínú ẹ̀bi. Ẹ ní ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tí a fi bẹ́árìn sí i, ìwọ̀n tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Bí ìjà bá dé, ìwé náà ni yóò sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu àwọn aládùúgbò.

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ wa náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ fún oníbàárà pé iṣẹ́ yìí yóò gba ọjọ́ méjì. Ẹni tí ó bínú sí yín fún ọjọ́ méjì yóò yìn yín fún ọdún méjì. Ní ìlú àjò, orúkọ rere ni ṣọ́ọ̀bù wa. Oníbàárà tí iṣẹ́ yín tẹ́ lọ́rùn ni yóò mú ẹlòmíràn wá.

Ìkórè ti ń súnmọ́lé, àwọn ẹ̀rọ yóò máa lọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìró kò, kò, kò nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ó pa á lónìí, kí ó má ṣe dúró dìgbà tí yóò fọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá sì yé tán, kí ó kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé ní àdúgbò rẹ̀.